Andromeda, Ọmọ Ọba Etiópíà, Lọ́wọ́ Titian

  A tún ti dé pẹ̀lú ètò wa lórí iṣẹ́ ọnà àgbáyé. Àwòrán kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí. Mo mọ̀ pé rédíò kò lójú, ṣùgbọ́n etí náà a máa ríran bí a bá fara balẹ̀. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àwòrán náà wà, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Wallace Collection. Titian, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ló yà á láàárín ọdún 1554 sí 1556. Ìgbà náà ni àwọn ará Ítálì ń jí ìmọ̀ àti ìtàn àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù àtijọ́ dìde, tí àwọn ọba sì ń fi owó ńlá ra àwòrán irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Perseus àti Andromeda ni orúkọ àwòrán yìí. Ta ni Perseus? Ta ni Andromeda? Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà kò lè mọ ohun tí Titian ṣe, kò sì lè mọ ohun tí ó fi sílẹ̀ tí kò ṣe.

Àwọn Gíríìkì ní ọba kan wà ní Etiópíà láyé àtijọ́, Cepheus lorúkọ rẹ̀. Cassiopeia ni olorì rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé nígbà náà, bí Gíríìkì bá dárúkọ Etiópíà, ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tó wà ní ìsàlẹ̀ Íjíbítì ló sábà máa ń ní lọ́kàn, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Etiópíà lónìí nìkan. Olorì yìí lẹ́wà. Andromeda, ọmọ rẹ̀ obìnrin, náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, Cassiopeia lanu, ó ní ẹwà tó wà nílé òun ju ti àwọn omidan tó ń gbé inú òkun lọ. Àwọn kan tó sọ ìtàn náà ní ẹwà ara rẹ̀ ló fi yangàn. Àwọn mìíràn ní ti ọmọ rẹ̀ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ta sí àwọn omidan òkun létí, ó sì dùn wọ́n dọ́kàn. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Poseidon, òrìṣà tó ni òkun.

Kí ni Poseidon ṣe? Ó fi omi bo ilẹ̀ náà. Ó tún rán abàmì ẹranko kan jáde láti inú ibú, kí ó máa pa ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn jẹ. Nígbà tí ojú pọ́n ìlú, ọba ránṣẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ òrìṣà Ammon ohun tí wọ́n lè fi tu òkun lójú. Èsì tó dé kò ṣeé gbọ́ sétí: àfi kí ó fi ọmọ rẹ̀ fún ẹranko náà. Ni wọ́n bá fi ẹ̀wọ̀n de Andromeda mọ́ àpáta létí òkun. Ìyá ló sọ̀rọ̀, ọmọ ló ń jìyà. Ovid, akéwì ará Róòmù tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, kò fi bò rárá. Ó sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu ìyá ni wọ́n gbé ka ọmọ aláìṣẹ̀ lórí.

Ibẹ̀ ni Perseus ká a mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, jagunjagun ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ orí Medusa ni, obìnrin tí irun orí rẹ̀ jẹ́ ejò, tí ẹnikẹ́ni tó bá wò lójú á di òkúta. Bàtà abìyẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ Perseus, ojú ọ̀run ló sì ń gbà lọ. Ó bojú wolẹ̀, ó rí ọmọbìnrin tí wọ́n dè mọ́ àpáta. Ovid ní ère òkúta mábù ló kọ́kọ́ pè é, àfi ìgbà tó rí i pé atẹ́gùn ń fẹ́ irun rẹ̀, tí omijé gbígbóná sì ń dà lójú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ère mábù yẹn sọ́kàn o, a óò tún bá a pàdé. Perseus bá bàbá àti ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé bí ó bá gbà á là, òun ni yóò fẹ́ ẹ. Bó ṣe gbéra sókè nìyẹn, tó sì já lu ẹranko náà bí ẹyẹ idì ti í já lu ejò.

Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Titian mú, tó yà. Kò dúró kí ìjà parí.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó wàyí. Aṣọ kánfáàsì ńlá ni, ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Lọ́wọ́ òsì yín, Andromeda nìyẹn níwájú àpáta dúdú. Ìhòòhò ló wà, àfi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò bo nǹkan kan. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé apá rẹ̀ kan sókè, èkejì wà nísàlẹ̀, ara rẹ̀ sì lọ́. Ó ti yí ojú sí ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀. Lápá ọ̀tún, Perseus ń já bọ̀ láti òkè. Orí ló fi ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀run. Ó mú asà dání, ó mú idà tí ẹnu rẹ̀ kọ́ bíi ti dòjé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹranko náà wà nínú omi, ó ya ẹnu sílẹ̀ dè é. Ní ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn òkun, ìlú kan ń hàn fírífírí.

Kí ló mú kí àwòrán yìí gbà mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dà bí ẹni tí wọ́n ń fà sókè, ọmọkùnrin náà ń já bọ̀, òkun ń ru. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni ì bá ya Perseus bí ẹni tó ti ṣẹ́gun, tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹranko náà lórí. Titian kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé akọni náà dorí kodò, ó sì fi wá sínú ìbẹ̀rù bóyá yóò bọ́ sí ẹnu ẹranko náà tàbí kò ní bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, a ti mọ bí ìtàn náà ṣe parí, síbẹ̀ ọkàn wa kò balẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan hàn yín nísàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ Andromeda. Ẹ̀ka iyùn pupa ni. Báwo ni iyùn ṣe débẹ̀? Ovid ló sọ ọ́. Ó ní lẹ́yìn ìjà náà, Perseus fẹ́ fọ ọwọ́. Ó tẹ́ ewé àti koríko òkun sílẹ̀, ó gbé orí Medusa lé e. Koríko tútù náà mu agbára orí yẹn, ó le, ó di iyùn. Bí àwọn ará ìgbàanì ṣe sọ pé iyùn dáyé nìyẹn. Ìjà kò tí ì parí nínú àwòrán Titian, ṣùgbọ́n iyùn ti wà nílẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ fún ẹni tó mọ ìtàn pé kí ó má mikàn. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí: iyùn láti inú òkun Mẹditaréníà wà lára ọjà tí àwọn Potogí ń kó wá sí Ìbìnní ní ọ̀rúndún kan náà tí Titian ń ya àwòrán yìí. Iyùn tí ọba fi ń wọlé, tó fi ń jáde lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òun náà ni Titian tò sẹ́sẹ̀ ọmọ ọba Etiópíà.

Ta ló bẹ Titian níṣẹ́ yìí? Philip ti ilẹ̀ Spéènì ni. Ọmọ ọba ni nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó jọba ní ọdún 1556. Titian ya àwòrán ìtàn àtijọ́ mẹ́fà fún un, ewì ló sì máa ń pè wọ́n. Ní ọdún 1554 ó kọ lẹ́tà sí Philip. Ó ní Danaë, obìnrin inú àwòrán tí òun kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kọjú sí ẹni tó ń wò ó, nítorí náà òun ya Venus tí ó tẹ̀ lé e kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, àti pé Andromeda tó ń bọ̀ yóò tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ẹ rí i pé ẹwà ara obìnrin wà lára ohun tó ń tà fún ọba. Kò yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́ fún ara wa. Ṣùgbọ́n ó jìyà iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ x-ray yẹ àwòrán náà wò, wọ́n rí i pé apá ọ̀tún ni Titian kọ́kọ́ fi Andromeda sí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kun ibẹ̀ pa, ó sì gbé e sí apá òsì tó wà dòní.

Àwòrán náà rìn jìnnà lẹ́yìn ikú Philip. Ó dé ọwọ́ Van Dyck, ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, ó dé ilẹ̀ Faransé, ó tún padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dà rẹ̀ ṣú, ara rẹ̀ gbó, débi pé àwọn tó ni ín kò kà á sí iṣẹ́ ọ̀gá mọ́. Ẹ lè má gbà mí gbọ́: ilé ìwẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, lókè ibi tí Sir Richard Wallace, ẹni tí ilé ọnà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti ń wẹ̀! Ibẹ̀ ló wà títí di ìgbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe kí gbogbo ènìyàn lè máa wọlé wò ó ní ọdún 1900. Ìgbà náà ni Claude Phillips, olùtọ́jú àkọ́kọ́, rí i pé iṣẹ́ Titian gidi ni.

Ó dáa. A ti gbọ́ ìtàn, a ti wo àwòrán. Ìbéèrè tó mú mi wá síwájú yín lónìí ló kù. Ọmọ ọba Etiópíà ni Andromeda. Kí ló dé tí ó fi funfun báláú nínú àwòrán Titian?

Ẹnìkan lè sọ pé bóyá Titian kò mọ̀. Bóyá kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ovid tí Titian ń kà yìí náà ló sọ níbòmíràn nínú àwọn ìwé rẹ̀ pé Andromeda dúdú, pé àwọ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, àti pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wu Perseus. Ó tún sọ nínú ìwé mìíràn pé Perseus kò fi àwọ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣe àléébù fún un rí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni Ovid sọ ọ́. Gbogbo ọ̀mọ̀wé Ítálì ìgbà náà ló ń ka Ovid.

Ẹnìkan tún lè sọ pé bóyá Titian kò mọ bí a ti í ya ènìyàn dúdú. Rárá o. Àwọn ènìyàn dúdú ń gbé Venice nígbà ayé rẹ̀. Carpaccio, ayàwòrán tó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀, ya ọkùnrin dúdú kan tó ń tukọ̀ lójú omi ìlú náà. Titian fúnra rẹ̀ ya ọmọdékùnrin dúdú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyáàfin ọlọ́lá kan, Laura Dianti. Ohun tó wá ká mi lára jù nìyí. Nínú àwòrán mẹ́fà tó ṣe fún Philip yìí kan náà, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Diana àti Actaeon. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrìṣà Diana, obìnrin adúmáadán kan wà tó wọ aṣọ onílà. Ara rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ hàn kedere, ó sì ń bá Diana fi aṣọ bora. Titian fara balẹ̀ yà á. Ó yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ipò wo ló fi í sí? Ipò ìránṣẹ́.

Mo tún un sọ o: ọba kan náà ló gba àwòrán méjèèjì, ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n, láàárín ọdún díẹ̀ síra. Ìránṣẹ́ dúdú, ọmọ ọba Etiópíà funfun.

Kì í sì í ṣe Titian nìkan. Ẹni tó bá dé Florence, kó wọ ilé Uffizi, yóò bá àwòrán Andromeda mìíràn níbẹ̀. Piero di Cosimo ló yà á ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú ti Titian. Ẹranko ibẹ̀ tóbi gan-an, Perseus dúró lé e lẹ́yìn, àwọn kan sì ń fi aṣọ bojú sunkún nínú èrò tó pé lé wọn. Nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkùnrin dúdú kan jókòó, ohun èlò orin àràmàǹdà kan lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí ojú kò rí rí. Nítorí náà Piero mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ó fi dúdú sí olórin. Ó fi funfun sí ọmọ ọba.

Ibo ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ó pẹ́ ju Ítálì lọ. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn ti ń ṣe é. Ìkòkò amọ̀ kan wà nílé ọnà ìlú Boston ní Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ ní nǹkan bí 450 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Lára rẹ̀, wọ́n ń mú Andromeda lọ síbi tí wọ́n fẹ́ dè é mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ tó dì í mú jẹ́ ènìyàn dúdú pátápátá, ó hàn nínú irun wọn àti nínú imú wọn. Òun kò sì jọ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, Heliodorus, kọ ìtàn àròsọ nípa ọba àti olorì Etiópíà. Ènìyàn dúdú ni àwọn méjèèjì. Àwòrán Andromeda wà lára ògiri yàrá wọn, funfun ni wọ́n sì kùn ún. Olorì wo àwòrán náà lọ́jọ́ tó lóyún, ó bí ọmọ funfun, ẹ̀rù bà á pé wọn yóò ní ó yan àlè, ó sì gbé ọmọ náà sọ nù. Wọ́n tẹ ìwé yìí ní Basel ní ọdún 1534, nígbà ayé Titian, ó sì tàn káàkiri Yúróòpù. Ẹ rí i bí nǹkan ṣe wá rí. Ìtàn kan ní ọmọ ọba náà dúdú, ìtàn kejì ní ó funfun, ayàwòrán sì wà láàárín.

Ṣé ẹ rántí ère mábù tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Ó wà lára ohun tó ti Titian sí apá kan, lójú tèmi. Perseus pe Andromeda ní ère, ère àtijọ́ tí àwọn ará Ítálì sì ń wú jáde nínú ilẹ̀ nígbà náà funfun. Ẹni tó bá fẹ́ ya obìnrin tó jọ ère, tó sì fẹ́ kí ara rẹ̀ tàn lójú àpáta dúdú, yóò rọrùn fún un láti mú ọ̀dà funfun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ̀ láti fi mọ síbẹ̀, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ padà sí ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Kí ló dá wàhálà sílẹ̀? Ẹwà ni. Ẹwà obìnrin Etiópíà ni olorì fi yangàn. Ẹwà yẹn ló bí àwọn omidan òkun nínú, òun ló mú kí omi bo ilẹ̀, òun ló gbé ẹranko dìde láti inú ibú. Bí Andromeda kò bá dúdú mọ́, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ ti sọ nù nínú ìtàn. A ó rí ìyà, a kò ní rí ohun tó fa ìyà. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé Titian fi nǹkan kan sílẹ̀ tí kò ṣe. Mo fẹ́ràn àwòrán náà, mo sì ń sọ èyí nípa rẹ̀, ọ̀kan kò pa ọ̀kan.

Ṣé àwa ti òde òní nìkan ni a rí i? Ó ti o. Francisco Pacheco, ayàwòrán ará Spéènì tó kọ́ Velázquez níṣẹ́, béèrè nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọ̀dà, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1649, ìdí tí wọ́n fi ń ya Andromeda ní funfun nígbà tí àwọn ìwé àtijọ́ ní ó dúdú. Ẹ wò ó, ará Spéènì, ilẹ̀ ọba tó gba àwòrán Titian! Kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn náà, ní 1655, Abraham van Diepenbeeck ya Andromeda fún ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Paris, ó sì yà á ní dúdú. Bernard Picart tún un gbẹ́ ní ọdún 1731, òun náà fi dúdú sílẹ̀. Inú ìwé ni àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí wà, kì í ṣe lára ògiri ààfin, nítorí náà wọn kò gbajúmọ̀ tó ti Titian. Ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Ní ọdún 2020, àwọn àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Titian yà fún Philip tún pàdé ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn ohun tó lé ní irínwó ọdún. Kó tó dìgbà náà, Wallace Collection kì í yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àwòrán yìí ni wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn rí ìránṣẹ́ dúdú Diana pẹ̀lú Andromeda funfun níbi kan náà.

Ẹ̀yin ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni wíwọ Wallace Collection, ní Manchester Square. Ẹ kó àwọn ọmọ dání. Ẹ kọ́kọ́ fi iyùn ẹsẹ̀ Andromeda hàn wọ́n, kí wọ́n wá Perseus lójú ọ̀run. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi àwọn tó ń mú èrò yípo ilé náà pé ìlú wo ni bàbá ọmọbìnrin yìí ti jọba. Ẹ kọ èsì tí wọ́n bá fún yín ránṣẹ́ sí wa, a óò kà á lórí afẹ́fẹ́.